Nọ́ńbà Kọ́ Ni Ìrànwọ́

Ìbéèrè tí ẹni tó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀ sáré sí i máa ń gbé tọ ẹni tó mọ̀ jù ú lọ kì í gùn: "Ẹ̀gbọ́n, iye wo ni kí n tẹ̀ sí i?" Ìdáhùn tó máa ń rí gbà náà kì í gùn: gbé e sí 5 GHz, fún un ní fóltéèjì 1.35, o ti bọ́ nìyẹn. Ẹni tó dáhùn kò ní èrò ibi lọ́kàn. Ohun tó ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ló fi ń tọrẹ. Síbẹ̀, lójú tèmi, kò tíì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí télọ̀ bá fi ìwọ̀n ara oníbàárà àná rán aṣọ fún oníbàárà òní, a kò ní í yìn ín pé ó yára. A ó ní kò wọn ara ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni títi pírósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, kọjá eré tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é dá fún un, iṣẹ́ tí àwọn tó wà nídìí rẹ̀ ń pè ní overclocking. Ìbéèrè ni ìrànwọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ẹni tí a wá bá ló sì yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè.

Bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ẹ̀rí mi àkọ́kọ́. Nọ́ńbà méjì ni a ń sọ di púpọ̀ kí a tó rí eré pírósẹ́sọ̀: ìlù ìpìlẹ̀ tí mọ́dábọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí pírósẹ́sọ̀ jókòó lé, ń lù fún un, tó sábà máa ń jẹ́ 100 MHz lóde òní, àti iye ìgbà tí pírósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ ń lọ́ ìlù náà po. Core i5-2500K tí Intel gbé jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2011 ń lọ́ ọ po ní ìgbà 33, eré rẹ̀ sì jẹ́ 3.3 GHz. Ẹni tó bá wọ inú BIOS, ìyẹn ètò ìpìlẹ̀ inú mọ́dábọ́ọ̀dù, tó sọ 33 di 45, ti rí 4.5 GHz, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí ìlù bá yára jù, àwọn tíránsísítọ̀ inú rẹ̀ kì í ráyè parí ẹsẹ̀ kan kí òmíràn tó dé, àfi bí a bá fi kún fóltéèjì wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wúwo. Ooru ń bá eré lọ ní ìṣísẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n ní ti fóltéèjì, a ó kọ́kọ́ fi fóltéèjì sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kí a tó mọ ooru tó máa mú wá. Gbé fóltéèjì láti 1.20 dé 1.35, gbé eré láti 3.3 dé 4.5 GHz: eré ti fi nǹkan bí 36 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ooru tí iṣẹ́ náà ń mú jáde sì ti fi nǹkan bí 73 lé sí i. Ẹni tó fún èèyàn ní nọ́ńbà méjèèjì láìbèèrè irú fáànù tó wà lórí pírósẹ́sọ̀ rẹ̀ ti di ẹrù rù ú láìwo ọrùn rẹ̀.

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ yìí á rántí Celeron 300A tó jáde ní ọdún 1998. Ìlù ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 66 MHz, ó ń lọ́ ọ po ní ìgbà 4.5, ó sì ń jẹ́ 300 MHz. Ẹni tó bá gbé ìlù náà sí 100 MHz á rí 450, eré tí Pentium II tó wọ́n jù ú lọ fíìfíì ń sá lọ́dún yẹn kan náà. Mo rò pé ìtàn yẹn ló gbìn ín sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn pé nọ́ńbà kan wà tó bá gbogbo èèyàn mu. Nígbà yẹn gan-an, àwọn kan wà tí tiwọn kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò dé 450. Orí àwo sílíkọ́nì kan náà ni ọ̀pọ̀ pírósẹ́sọ̀ ti ń jáde. Ilé iṣẹ́ á dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, á sì fún un lórúkọ àti iye owó gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀ ṣe mọ. Àwọn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ti jọ kọjá ààlà kan náà. Ohun tó ṣẹ́ kù sára oníkálukú lẹ́yìn ààlà yẹn ni kò dọ́gba. Táyé àti Kẹ́hìndé gan-an, agbára wọn kì í rí bákan náà.

Ojú ọjọ́ náà ń bẹ níbẹ̀. Fáànù kò lè mú pírósẹ́sọ̀ tutù ju afẹ́fẹ́ inú yàrá lọ. Ó kàn ń gbé ooru lé afẹ́fẹ́ náà lọ́wọ́ ni. Bí yàrá bá fi ìwọ̀n kan gbóná sí i, pírósẹ́sọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìwọ̀n kan gbóná sí i. Ẹni tó jókòó sí ìlú òtútù nínú yàrá 21°C, tó ní òun rí 84°C nígbà tí iṣẹ́ wọ kọ̀ǹpútà lọ́rùn, kò purọ́. Ẹni tó tẹ̀ lé e ní Ìbàdàn lóṣù kẹta, nínú yàrá tó ti dé 33°C nítorí pé jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù, á rí nǹkan bí 96°C. Bẹ́ẹ̀, nítòsí 100°C ni ọ̀pọ̀ pírósẹ́sọ̀ Intel ti ń dín eré ara wọn kù kí wọ́n má baà jóná. Eré tó fi ooru rà, pírósẹ́sọ̀ á gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ti kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tún wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ti ọ́fíìsì òkèèrè wá ni a ti tilẹ̀kùn mọ́: pírósẹ́sọ̀ Intel tí kò ní lẹ́tà K lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀, lórí mọ́dábọ́ọ̀dù tí kò fàyè gba àyípadà kankan. "Kí ni wọ́n kọ sí i lára ní kíkún?" Ìbéèrè kan péré yìí ì bá gba oníbàárà lọ́wọ́ ọ̀sẹ̀ kan tó máa fi wá ohun tí kò sí níbẹ̀.

Olùrànwọ́ tó mọṣẹ́ kò ní í dúró síbẹ̀. Á bèèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ̀rá tó wà láàárín fáànù àti pírósẹ́sọ̀ kẹ́yìn. Á bèèrè bí páwà sọ́pláì ṣe lágbára tó, àti bí ooru ṣe ń ga tó lábẹ́ iṣẹ́ líle kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ṣùgbọ́n èyí tí mo kà sí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni: kí lo fẹ́ fi kọ̀ǹpútà yìí ṣe? Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí eré bá pọ̀ jù, kọ̀ǹpútà á kú, wọn á tún un tàn, ó parí. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni èyí tí kò kú. Á máa ṣiṣẹ́ lọ, á sì máa ṣi ìṣirò ṣe. Bó bá jẹ́ géèmù ni, àwòrán kan á bàjẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá jẹ́ ìwé owó oṣù òṣìṣẹ́ tàbí iṣẹ́ ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́ ni, àṣìṣe náà lè sùn síbẹ̀ fún ọdún méjì. Ìdí nìyí tí àwọn èèyàn fi ń lo Prime95 fún ìdánwò, ètò tí a kò tilẹ̀ ṣe nítorí ìyẹn. George Woltman ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ọdún 1996, fún àwọn tó ń wá àwọn nọ́ńbà ràgàjì tí kò ṣeé pín láìṣẹ́kù àfi pẹ̀lú 1 àti ara wọn. Ìṣirò rẹ̀ le, ó gùn, ó sì ń yẹ ara rẹ̀ wò bó ṣe ń lọ. Bí pírósẹ́sọ̀ bá ṣi ẹyọ kan ṣe, ètò náà á figbe ta. Ó wú mi lórí gan-an pé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ìṣirò ni àwọn tó ń lé eré ti lọ yá ohun tó ń sọ òótọ́ fún wọn.

Lẹ́yìn ìbéèrè ni ọ̀nà, ọ̀nà náà kò sì ṣòroó sọ. Kí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ da gbogbo fáìlì rẹ̀ kọ síbòmíràn. Kí ó mọ ibi tí bátìrì kékeré orí mọ́dábọ́ọ̀dù wà, nítorí pé bí ó bá já kọ̀ǹpútà kúrò lára iná, tó yọ bátìrì yẹn fún ìgbà díẹ̀, BIOS á sábà gbàgbé àṣejù tó kọ sí i. Kí ó gbé 100 MHz kan, kó dán an wò, kó ka ooru, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó gbé òmíràn.

Wọ́n lè bi mí pé: nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti lo nọ́ńbà kan, tí kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan, kí ló dé tí a ó fi máa wọn ara ẹnì kọ̀ọ̀kan? Ohun tí mo rí sí i ni pé àwọn tí tiwọn ṣì ń ṣiṣẹ́ ló ń fọ́nnu. Ìpalára yìí kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yára hàn. Láti ọdún 1969 ni James Black ti ṣe ìṣirò tó so ọjọ́ ayé wáyà tín-ín-rín inú irú ẹ̀rọ báyìí mọ́ bí iná tó ń gbà á kọjá ṣe pọ̀ tó àti bí ó ṣe gbóná tó: iná líle àti ooru ń ṣí irin wáyà náà nídìí díẹ̀díẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó dúró digbí lónìí lè máa dákú lọ́dún méjì òní lórí nọ́ńbà kan náà. Bí wọ́n bá sì ní mọ́dábọ́ọ̀dù ní bọ́tìnì tó ń ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí wọ́n rántí ọdún 2023, nígbà tí àwọn pírósẹ́sọ̀ Ryzen 7000 kan tí AMD ṣe ń jó mọ́ ojú ìdí wọn. Fóltéèjì tí mọ́dábọ́ọ̀dù ń gbé fún apá kan nínú wọn ló ga jù, AMD sì ní láti fi 1.3 ṣe òpin rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Intel fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìlànà inú pírósẹ́sọ̀ ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá òun ń bèèrè fóltéèjì tó pọ̀ jù, ó sì fi ọdún méjì kún wáràǹtì wọn. Bí àwọn tó ṣe é gan-an bá lè ṣi fóltéèjì wọ̀n, kí la fẹ́ sọ nípa ẹni tí kò rí kọ̀ǹpútà náà rí?

Àtakò tó lágbára jù ni pé kò sídìí fún gbogbo èyí mọ́. Láti ọdún 2008 tí Intel ti gbé Turbo Boost wọ inú Core i7, pírósẹ́sọ̀ ti ń fúnra rẹ̀ gbé eré sókè nígbà tí àyè bá wà, ohun tó sì ṣẹ́ kù fún wa láti kó kò tó nǹkan mọ́. Òótọ́ ni, mo gbà á tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ó tún fi agbára kún ohun tí mò ń sọ, nítorí pé olùrànwọ́ tó bèèrè ló lè sọ pé, "Àbúrò, fi í sílẹ̀ bó ṣe wà." Òun náà ló lè tọ́ka sí ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù, ti dídín fóltéèjì kù díẹ̀díẹ̀ láìdín eré kù. Nítorí pé fóltéèjì ni a ń fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, bí mo ṣe ṣàlàyé lókè, ìdínkù kékeré ń mú ooru tó pọ̀ lọ, pírósẹ́sọ̀ tó bá sì tutù á lè pẹ́ sí i lórí eré gíga tó ń fún ara rẹ̀. Èyí náà ń fẹ́ ìdánwò bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí pé fóltéèjì tó kéré jù náà ń fa àṣìṣe. Nínú yàrá gbígbóná, lórí iná tí kò dúró sójú kan, ìyẹn wúlò ju 200 MHz lọ.

Àwọn mìíràn á ní ohun ìní oníǹkan ni, kó jó o bó bá wù ú. Kó jó o, ṣùgbọ́n kó mọ̀ kó tó ṣe é pé wáràǹtì kì í sábà bo irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀. Àfikún ààbò tí Intel ń tà fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí gan-an, ọdún 2021 ló ti fòpin sí i. Ti tòkunbọ̀ kò tilẹ̀ ní wáràǹtì ẹnikẹ́ni lẹ́yìn.

Ká sọ pé ẹni náà ti gba ìbéèrè, ó ti dáhùn, ó sì ń kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ní 4.3 GHz, ó lo fóltéèjì 1.25. Ní 4.4, ó lo 1.28. Ní 4.5, 1.31. Nígbà tó dé 4.6, kò dúró títí ó fi gba 1.40, ooru sì fi ìwọ̀n mọ́kànlá fò sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àkókò yìí gan-an ló nílò ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ á ti máa yún un láti tẹ 4.7. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á fa ìwé náà mọ́ra, á fi ìka tẹ ìlà kẹta, á sì bi í bóyá géèmù rẹ̀ ti ń lọ dáadáa níbẹ̀.