Ẹnu Ẹni La Fi Ń Kọ Oúnjẹ

Ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ ni mo bá wá.

Ní Ìfọ̀nyìn wa, tí àwọn Faransé ń kọ ní Ifangni, bí ènìyàn bá sanra, wọn a ní ayé ń yẹ ẹ́. Wọ́n yìn mí bẹ́ẹ̀ títí. Nígbà tí mo lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, nọ́ọ̀sì ní ó ti ga jù. Ó ní kí n dín ọ̀rá àti iyọ̀ kù. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, wọ́n gbé ìdí tòlótòló síwájú mi níbi ìnáwó òkú. Mo ní n kò jẹ. Ìyá àgbà kan nínú ẹbí wa bínú: “Ṣé o ti di òyìnbó ni?” Ojú tì mí, mo bá jẹ ẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni ìdí tòlótòló ti ń wá? Kì í ṣe ẹran tí àwa ń sìn. Inú ọkọ̀ ojú omi ni ó ti ń bọ̀ ní Kútọnu, ó ti dì gbagidi. Ọ̀rá pọ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wọ́n tó adìyẹ ilé. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, ṣé a lè ní òun ni ó yàn án?

Àwọn ìjọba kan ti dá sí i. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, Gánà ṣe òfin pé ọ̀rá inú ẹran adìyẹ àti tòlótòló kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 15 nínú 100. Ní ọdún 2022, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí gba owó orí náírà 10 lórí lítà kan ohun mímu aládùn. Láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn ni Nàìjíríà sì ti ní kí adìyẹ dídì má wọlé mọ́, nítorí àwọn tí ń sin adìyẹ. Ṣùgbọ́n àwa tí a wà nítòsí Ìgòlò mọ̀ pé òfin kò dí ọ̀nà fàyàwọ́.

Nítorí náà, n kò fẹ́ kí ṣọ́jà dúró ti ìkòkò mi. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ìjọba ran àwọn tí ń sin adìyẹ níhìn-ín lọ́wọ́, kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀. Kí wọ́n sì sọ ohun tí ó wà nínú oúnjẹ fún wa ní èdè wa. Ìwé ara páálí kò wúlò fún ẹni tí kò gbọ́ Faransé.

Ìyókù kù sí ọwọ́ wa. Kí ìnáwó mìíràn tó dé, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà náà, mo sì ṣàlàyé àìsàn mi. Ẹja àti ẹ̀fọ́ ni ó bù fún mi lọ́jọ́ náà. Ó wá rọra bi mí léèrè pé: “Ibo ni wọ́n ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn? Èmi náà fẹ́ lọ.”