Kùsà Bùkúrù

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ṣùgbọ́n Bùkúrù, nítòsí Jọ́ọ̀sì, ni a bí mi sí. Bí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀ àyálò, "kùsà" ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. "Kuza" ni àwọn Haúsá ń pe tánńganran. Ibẹ̀ ni "ìwakùsà" wa ti wá.

Kùsà ló fa ọkọ̀ ojú irin dé Bùkúrù ní 1914, tí àwọn alásọ ìlú wa fi tẹ̀ lé e. Nígbà tí Japan gba Màléyà ní 1942, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi tipátipá kó àgbẹ̀ tó lé ní 100,000 wá wa kùsà. Àìsàn sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní 1985 ọjà rẹ̀ dojú dé lágbàáyé.

Kòtò ló kù. Òjò sọ wọ́n di adágún tó mọ́ gaara, tó fani lójú mọ́ra. Inú ọ̀kan ni ẹni tí a jọ ń jókòó ní kíláàsì rì sí lọ́sàn-án Sátidé kan. Ṣòkòtò rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi létí omi; ó ní kí n bá òun dì í mú.

Mo fẹ́ kí wọ́n dí àwọn kòtò náà. Ṣùgbọ́n omi wọn ni àwọn àgbẹ̀ fi ń bomi rin ewébẹ̀ àti ànàmọ́ òyìnbó lẹ́ẹ̀rùn. Ìyá mi ń rà á lọ́jà. Èmi kì í jẹ ẹ́.