Fóòmù Tó Ń Ṣọ́ Imú Ọkọ̀

Gbogbo wa la mọ iye tí a ń ra epo sọ́kọ̀, nítorí àpò wa ni owó rẹ̀ ti ń jáde. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ ń fà símú, tí ẹnikẹ́ni kì í díye lé, a kì í bèèrè ọ̀nà tó gbà wọlé. Bẹ́ẹ̀ sì ni kìlógíráàmù epo bẹntiróòlù kan kò lè jó tán nínú ẹ́ńjìnnì àfi bó bá rí nǹkan bíi kìlógíráàmù 14.7 afẹ́fẹ́, èyí tí í sún mọ́ lítà 9,000 lórí lítà epo kan ṣoṣo.

Land Rover Defender ni ọkọ̀ tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, àgbà ọkọ̀, agòkè-má-mí-hẹlẹ, alẹrẹ̀kọjá-má-rì, tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fa ilẹ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti jókòó sínú ọ̀gọ̀dọ̀. Ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé Land Rover jáde fáráyé rí ní ìlú Amsterdam. Oṣù kìíní ọdún 2016 ni wọ́n sì ṣe ìkẹyìn irú ti àtijọ́ yìí ní Solihull nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí èyí tí a lè pè ní ọmọdé mọ́ nínú wọn. Irin wọn lè ṣì le koko, ṣùgbọ́n fóòmù tó wà lẹ́nu ọ̀nà afẹ́fẹ́ wọn kì í bá irin dàgbà pọ̀: ooru ẹ́ńjìnnì àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni í máa tú u díẹ̀díẹ̀, ìbáà ṣe pé ọkọ̀ ń rìn tàbí pé ó dúró sójú kan.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú ọkọ̀ ni gíríìlì kékeré kan wà, tí afẹ́fẹ́ ń gbà bọ́ sínú páìpù tó lọ sídìí fílítà, àárín gíríìlì yìí àti ẹnu páìpù ni wọ́n sì fi fóòmù há sí kí àlàfo má bàa wà. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Nígbà tí fóòmù bá jẹrà, tí àlàfo yọjú, ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ẹ́ńjìnnì yóò máa fà mọ́ afẹ́fẹ́ tútù, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì fúyẹ́, ọ́síjìn inú rẹ̀ kò tó. Omi òjò àti eruku tí táyà ń ta sókè yóò rí ọ̀nà wọlé, èérún fóòmù fúnra rẹ̀ yóò sì máa lọ dí fílítà.

Ti ọyẹ́ ló burú jù. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta ni afẹ́fẹ́ yìí máa ń gbé eruku wá bá wa, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ilẹ̀ Bodélé ní Chad, ó sì kúnná púpọ̀. Yanrìn wẹ́wẹ́ inú eruku le ju irin lọ. Bó bá ráyè kọjá fílítà, ara sìlíńdà àti ríìngì pístìnì ni yóò máa ha, títí ẹ́ńjìnnì yóò fi máa mu ọ́ìlì, tí èéfín aláwọ̀ búlúù yóò máa jáde nídìí ọkọ̀. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ.

Nígbà tí a tú gíríìlì tèmi, mo fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù náà. Ṣe ló rún wómúwómú bí àkàrà àná, tó sì fi àbàwọ́n dúdú lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Kí a tó fa ohunkóhun jáde, a fi akísà mímọ́ dí ẹnu páìpù kí èérún má bàa ya wọlé. Lẹ́yìn náà la fi ọ̀bẹ kúkújú ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, a fi kẹrosíìnì nù ún, a fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a sì jẹ́ kó gbẹ, torí gọ́ọ̀mù tuntun kì í mú ibi tó bá lọ́ràá.

Mẹkáníìkì, ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo bọ̀wọ̀ fún ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀, ti gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. “Bàbá, gbogbo ọkọ̀ là ń fi í sí,” ló wí. N kò gbà fún un. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì a máa fa omi mu, eruku a máa gbà á kọjá, kì í sì í pẹ́ tí ooru fi ń sọ ọ́ di ìyẹ̀fun. Èyí tó yẹ ni fóòmù dúdú oní-rọ́bà tí àwọn ihò inú rẹ̀ pa dé, tí a rì bọ omi tí kò wúwo sí i. Kó nípọn díẹ̀ ju àlàfo náà lọ, kí gíríìlì lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tí a bá dè é padà, ṣùgbọ́n kó má ṣe yọ bo ẹnu páìpù rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wa irú ọkọ̀ yìí, kí ọyẹ́ tó dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí wọ́n tú gíríìlì náà lójú yín, kí ẹ sì fọwọ́ ara yín tẹ fóòmù rẹ̀ wò.