Owó Àtijọ́ Ilẹ̀ Jámánì

Oríṣiríṣi nǹkan ni ènìyàn máa ń kó jọ fún ìgbádùn ara rẹ̀. Ní tèmi, owó kọ́ìnì tí wọ́n rọ ní ilẹ̀ Jámánì láti ọdún 1871 títí di 1918, ní ayé àwọn ọba ńlá tí wọ́n ń pè ní Kaiser, ni mo ń kó jọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé owó tí kò lè ra àkàrà kan ṣoṣo kò yẹ ní ohun tí à ń tọ́jú.

Kí ọdún 1871 tó dé, owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ìjọba kéékèèké ilẹ̀ náà ń ná. Nígbà tí wọ́n di ọ̀kan, wọ́n fi òfin dá owó tuntun sílẹ̀, wọ́n pè é ní máàkì. 100 pfennig ni ó wà nínú máàkì kan. Bí ìwọ bá gbé máàkì 5 onífàdákà lé àtẹ́lẹwọ́, ẹyẹ idì ni yóò wà ní ojú kan. Ní ojú kejì, ìjọba kọ̀ọ̀kan a ya àwòrán ọba tirẹ̀. Hamburg, tí kò ní ọba, ya àmì ìlú rẹ̀. Lẹ́tà kékeré kan sì ń sọ ibi tí a ti rọ ọ́: A ni Berlin, D ni Munich, J ni Hamburg.

Èyí tí ó ń mú mi ronú jù nínú àwọn onífàdákà ni máàkì 2 ti ọdún 1888, tí ó ní àwòrán Friedrich Kẹta. Àìsàn ọ̀fun ti ń bá a jà kí ó tó gorí ìtẹ́. Ọjọ́ 99 péré ni ó lò, ó sì wàjà.

Ṣùgbọ́n àwọn tí kò lẹ́wà ni ó kọ́ mi ní ọgbọ́n jù. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, bàbà àti nickel di ohun èlò ogun. Láti ọdún 1915, irin ni wọ́n fi ń rọ pfennig 5. Ní 1916, wọ́n fi aluminium rọ pfennig 1, ó sì fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ìjọba kò sì fi wúrà pààrọ̀ owó ìwé fún ará ìlú mọ́. Kí ogun tó dé, máàkì 4.20 ni dọ́là Amẹ́ríkà kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1923, ó ti di máàkì 4,200,000,000,000. Ẹni tí ó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tọ́jú owó ìwé kò rí búrẹ́dì rà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, alágbẹ̀dẹ fàdákà kan fẹ́ ra àwọn máàkì mi kí ó lè yọ́ wọn. Owó ilé ìwé ọmọ wà lọ́rùn mi nígbà náà, síbẹ̀ mo kọ̀. Mo wá owó náà níbòmíràn. Bí a bá yọ́ wọn, fàdákà yóò kù, ṣùgbọ́n ìtàn yóò parun. Ìtàn náà sì ni pé ìjọba lè tẹ iye tí ó wù ú sára owó, ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn tí ń ná an ni ó ń gbé iyì rẹ̀ ró.