Ohùn Wáàtì Márùn-ún

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Èmi ni ọmọdé náà ní Ìkòtún, lọ́jọ́ 23 àti 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, nígbà ìdíje rédíò àgbáyé tí a ń pè ní CQ World Wide.

Wákàtí 48 ni ìdíje náà. Àwa tí a ní ìwé àṣẹ a máa fi àmì Morse pe ara wa káàkiri ayé, bí onílù dùndún tí ń fi kọ̀ǹgọ́ sọ̀rọ̀ láìla ẹnu. Ẹni tí ó bá bá ènìyàn púpọ̀ sọ̀rọ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni yóò borí. Ìsọ̀rí tí mo yàn kò gba ju wáàtì 5 lọ. Sùúrù ni a fi ń dípò agbára níbẹ̀.

Oòrùn ni alátìlẹ́yìn wa. Òun ni ó ń mú kí afẹ́fẹ́ òkè, ní nǹkan bí kìlómítà 300 sí ilẹ̀, lè dá ìgbì rédíò padà sí ayé. Ṣùgbọ́n ọ̀sán tí ọ̀nà ọ̀run là gan-an ni jẹnẹréétọ̀ àdúgbò ń fi ariwo kún inú rédíò mi. Bí wọ́n bá pa wọ́n lóru, ìgbì onímítà 10 tí mo gbẹ́kẹ̀lé kì í sábà rìn jìnnà mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ará Brazil kan. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹrin. Àmì ìbéèrè nìkan ni ó fi fèsì. Bọ́tìnnì kan wà lójú rédíò mi tí ó lè sọ wáàtì 5 di 100. Ta ni yóò mọ̀? Ní ti wáàtì, ọ̀rọ̀ tí oníkálùkù bá kọ ránṣẹ́ ni àwọn onídàájọ́ ń gbà. Ọwọ́ mi ti dé ibẹ̀ nígbà tí mo rántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti lé jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò nítorí bébà pélébé kan. Ojú tì mí. Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Mo dúró títí àwọn alágbára tí ń pè é fi rọlẹ̀. Oòrùn wọ̀, àmì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí omi inú igbá, bí ìgbì rédíò ti máa ń ṣe lágbègbè wa ní àṣálẹ́. Mo tún pè. Ó dá mi lóhùn! Mo fún un ní 35, nọ́ńbà ẹkùn wa. Òun náà fún mi ní 11.

Ènìyàn 43 péré ni mo bá sọ̀rọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ti àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo wọ kíláàsì, mo sì lè wo ojú àwọn ọmọ.