A Kò Dé Párísì: Ọlidé Wa ní Ọ̀bà-Ilé

Ọdún méjì gbáko ni èmi àti baálé mi fi ń tọ́jú owó pamọ́ kí a lè kó àwọn ọmọ wa mẹ́ta lọ lo ọlidé ní Yúróòpù. Ìlú Párísì ni à bá kọ́kọ́ dé, kí a tó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Róòmù. Àwọn ọmọ ti wo àwòrán àwọn ìlú náà títí tí etí ìwé fi ya. Àbíkẹ́yìn wa, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ, tí kì í fẹ́ fi ẹnu kan oúnjẹ mìíràn lẹ́yìn ìrẹsì àti Indomie, ti ń fọ́nnu fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìgbín ni òun yóò jẹ ní Párísì. Ó ti kà á pé àwọn ará Faransé a máa bọ ìgbín, wọn a dá a padà sínú ìkarahun rẹ̀, wọn a sì fi bọ́tà àti aáyù dí i lójú kí wọ́n tó tún gbé e sínú iná.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba yí ètò pàṣípààrọ̀ owó padà, náírà sì já wálẹ̀. Owó tí ó tó fún ènìyàn márùn-ún tẹ́lẹ̀ kò tó fún mẹ́ta mọ́ nígbà tí oṣù keje fi parí. Ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ ná ọjà ní ọdún náà kò nílò àlàyé. Baálé mi ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó dì í padà, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí a kó wọn lọ sọ́dọ̀ Ìyá ní Ọ̀bà-Ilé.” N kò ní purọ́ fún yín: inú mi kò dùn. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí a ti sùn nílé Ìyá kẹ́yìn. Bí ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó bá gbé wa lọ sí ìhà ibẹ̀, ilé ìtura ní Àkúrẹ́ ni a máa ń sùn sí, a ó sì padà sí Èkó ní ọjọ́ kejì.

Ọ̀bà-Ilé wà ní ojú ọ̀nà tí ó ti Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀, nítòsí pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́. Abẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Àkúrẹ́ ni ó wà. Àlejò kò lè mọ ibi tí Àkúrẹ́ parí sí àti ibi tí Ọ̀bà-Ilé ti bẹ̀rẹ̀ mọ́, nítorí pé ilé ti so àwọn méjèèjì pọ̀. Láti ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976 tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú rẹ̀, ni ilé ti ń lé oko iṣu àti oko kòkó sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọgbà kékeré tí ó wà lẹ́yìn ilé Ìyá kò tíì lọ: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ewúro, igi kòkó mẹ́ta, àti àgbá irin àtijọ́ kan tí kò ní ìdérí.

Iyán ni Ìyá fi pàdé wa. Oṣù kẹjọ ni, iṣu tuntun ti kún ọjà, a sì ti ń gbọ́ ìró odó kí ọkọ̀ wa tó dúró. Ọbẹ̀ ilá àsèpọ̀ ni ó sè sí i, irú èyí tí wọ́n fẹ́ràn ní agbègbè náà, tí a kì í sè ilá lọ́tọ̀ kí a sì se ata lọ́tọ̀. Inú ìkòkò kan náà ni ilá, ata, irú àti ẹja ti ń jinná pọ̀. Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú jẹ ẹ́, mo sì tún bu òmíràn. Àwọn ọmọ méjì àgbà jẹ tiwọn. Àbíkẹ́yìn ti àwo rẹ̀ sẹ́yìn.

Ìyá bi í pé, “Kí ni ọkọ mi fẹ́ jẹ?”

Ọmọ náà ní, “Màmá, Párísì ni a fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀. Owó kò tó ni Dádì fi ní kí a máa bọ̀ níbí.”

Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ kò lanu kí n kó sí i. Baálé mi tẹjú mọ́ ògiri bí ẹni pé wọ́n kọ nǹkan sí i. Ìyá kò bínú, tàbí kí n sọ pé kò jẹ́ kí a rí i. Ó kàn bi ọmọ náà pé kí ni wọ́n ń jẹ ní Párísì. Ọmọ ní ìgbín. Ìyá ní, “Ìgbín?” Ó kó àwo, ó sì wọ inú ilé lọ.

Nígbà tí mo jí ní òwúrọ̀, Ìyá ti jáde. Ó ti wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, ó sì ti ra ìgbín mẹ́jọ bọ̀. Ìgbà òjò ni ìgbín máa ń pọ̀ nínú igbó agbègbè yìí, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn sì lè kún àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Ti Faransé tí ó wà nínú ìwé àwọn ọmọ kò tó ẹyin adìẹ. Ìyá fọ́ wọn ní ìdí, ó fà wọ́n yọ, ó sì fún mi ní álọ́ọ̀mù àti ọsàn wẹ́wẹ́ kí n fi fọ̀ wọ́n títí ọ̀yún wọn yóò fi tán. Ìgbà mẹ́rin ni mo yí omi padà, ó sì tún ní kò tíì mọ́. Ó ní àṣìṣe àwa ìyàwó ìlú ńlá ni pé a máa ń bọ ìgbín pẹ́ jù tí ó fi ń le bí rọ́bà. Ó fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà bọ̀ ọ́ díẹ̀, ó sì fi epo pupa, ata rodo àti àlùbọ́sà dín in. Àbíkẹ́yìn jẹ méjì, omi ń dà lójú rẹ̀ nítorí ata, ó sì na ọwọ́ sí ẹ̀kẹta. Ó bèèrè bóyá àwọn ará Párísì mọ̀ pé èyí tí ó tóbi tó báyìí wà.

Ṣùgbọ́n Ìyá kò tíì bá èmi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí a jọ ń fọ abọ́, mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ka ọ̀rọ̀ ọmọdé sí.” Ó ní ọmọdé kì í purọ́. Lẹ́yìn náà ni ó bèèrè pé, “Bí owó yín bá tó, ṣé ẹ̀ bá mú mi dání?” N kò rí èsì kankan sọ. Ó ní, “Kò burú. Ẹ gbé mi lọ sí Oǹdó nígbà náà.”

Oǹdó ni wọ́n ti bí i. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí kò ti débẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bi í léèrè rí bóyá ó wù ú láti lọ.

Kí a tó lọ, a kọ́kọ́ rìn káàkiri ìtòsí. Ní Àkúrẹ́, a wo ààfin àtijọ́ ti Déjì, alámọ̀, tí ó wà ní àárín ìlú, tí àwọn àgbàlá rẹ̀ pọ̀ tí ọmọ fi lè sọnù níbẹ̀. Uà ni Àkúrẹ́ ń pe irú àgbàlá bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ti ń pe ilé ní ulé, olúkúlùkù wọn ni ó sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Uà Ubúrà ni wọ́n ti máa ń búra. Òjò lé wa jáde níbẹ̀.

Ìdànrè gba odindi ọjọ́ kan, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Kò tó kìlómítà 30 sí Àkúrẹ́, àárín àwọn òkúta ràbàtà-ràbàtà ni ọ̀nà sì gbà. Orí òkè ni àwọn ará Ìdànrè gbé láti ayébáyé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1920. Ààfin Ọwá àtijọ́ àti ilé ẹjọ́ àtijọ́ ṣì wà lókè níbẹ̀. Láti ọdún 2007 ni ó ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ọmọbìnrin wa àgbà, tí ó ti mọ̀ pé àtẹ̀gùn Sípéènì olókìkí tí ó wà ní Róòmù jẹ́ 135, bẹ̀rẹ̀ sí í ka ti Ìdànrè. Ó ju 600 lọ. Ó gbàgbé iye tí ó ti kà nígbà tí ó kọjá 400, ó sì kọ̀ láti tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ lẹ́yìn, ẹ tètè gùn ún ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, kí ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ, kí ẹ sì gbé omi ju èyí tí ẹ rò pé yóò tó lọ. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà. Ẹ má ṣe tijú láti jókòó sí gbogbo wọn. Ìyá dúró ní ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ń sun àgbàdo. Nígbà tí a fi sọ̀ kalẹ̀, ó ti mọ orúkọ gbogbo ọmọ wọn.

Ọjọ́ kejì ni a lọ sí Oǹdó. Ìyá jókòó síwájú ọkọ̀ pẹ̀lú gèlè rẹ̀ tí ó dára jù. Lójú ọ̀nà ni ó ń sọ fún àwọn ọmọ pé obìnrin ni ẹni tí ó kọ́kọ́ jọba ní Oǹdó, gẹ́gẹ́ bí ìtàn ibẹ̀ ti wí, Púpùpú ni orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin ni ó ń jẹ Ọ̀ṣemàwé lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n oyè Lóbùn wà, oyè ọba obìnrin, pẹ̀lú àwọn ìjòyè tirẹ̀ tí àwọn náà jẹ́ obìnrin. Òun ni ó ni ọ̀rọ̀ ọjà, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú ìfijoyè Ọ̀ṣemàwé. Ọmọbìnrin mi bèèrè pé ta ni ó ń dáná fún Lóbùn. Ìyá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti dé.

A jẹ àsun. Ó ti di oúnjẹ òde àríyá ní Èkó nísinsìnyí, tí àwọn alásè a máa bọ ẹran kí wọ́n tó yan án. Ti Oǹdó kò rí bẹ́ẹ̀. Orí iná ni wọ́n ti ń sun ewúrẹ́ náà tòun tawọ, tí òórùn èéfín fi ń wọ inú egungun, kí wọ́n tó gé e wẹ́wẹ́, kí wọ́n sì fi ata àti àlùbọ́sà yí i.

Nínú ọjà ni Ìyá ti dúró lójijì níwájú ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta fóònù. Ó ní ibẹ̀ ni ìyá òun máa ń pàtẹ púpurú sí. Baálé mi, tí ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún, wò ó. Kò mọ̀ rí pé púpurú ni ìyá-ìyá òun ń tà. Ìyá wá ọ̀nà lọ sí ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí ó ń tà á, ó sì fi èdè Oǹdó ná an. Nígbà tí obìnrin náà gbọ́ bí ó ti ń sọ̀rọ̀, ó pe arúgbó kan tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Arúgbó náà wo Ìyá títí, ó sì fi orúkọ ìyá rẹ̀ pè é. Wákàtí méjì ni a fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì. N kò gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n mo rí i pé wọn kò jọ̀wọ́ ọwọ́ ara wọn.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín kò bá tíì jẹ púpurú rí, ẹ̀gẹ́ ni. Wọ́n ń bó o, wọ́n ń rẹ ẹ́ sómi fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin títí yóò fi rọ̀, wọn a fún omi rẹ̀ dànù, wọn a sì mọ ọ́n ní róbótó bí bọ́ọ̀lù láti yan án lórí èéfín. Ẹ̀yìn rẹ̀ a dúdú, inú rẹ̀ a funfun. Bí ẹ bá fẹ́ rò ó, ẹ fi ọ̀bẹ ha ẹ̀yìn dúdú náà kúrò dáadáa, ẹ gún un, ẹ kù ú, kí ẹ sì rò ó nínú omi tí ń hó. Ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ ni ó ti gbajúmọ̀ jù, pẹ̀lú ọbẹ̀ dúdú tí wọ́n ń fi ewé màrúgbó sè, èyí tí wọ́n máa ń fún ìyá ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n ará Oǹdó àti ará Àkúrẹ́ náà kì í fi ṣeré. Ìyá ra mẹ́wàá. Ó di márùn-ún fún mi, ó ní kí n má ṣe kó wọn sínú fíríìjì.

Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ìpadàbọ̀ wa sí Èkó, ó pè mí sí ẹ̀yìn ilé. Ó ní, “Ìyàwó, bí owó bá dé, ẹ lọ sí Párísì yín o. Èmi kò ní kí ẹ má lọ. Ẹ kàn wá sùn níbí ná.” Mo ní, “Ẹ ṣeun, Ìyá.” Ó fi ẹsẹ̀ ti àgbá irin àtijọ́ náà, ó bèèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo rò pé ó jinlẹ̀ tó.

Ìyá fóònù ní oṣù kọkànlá. Àbíkẹ́yìn kò tíì jẹ iyán, ṣùgbọ́n òun ni ó sáré gbé fóònù náà. Ìgbín mẹ́fà wà nínú àgbá, Ìyá ní. Ó ti bu iyẹ̀pẹ̀ sí i, ó fi àwọ̀n bo ojú rẹ̀, ó sì ń fi ewé ìbẹ́pẹ bọ́ wọn di Kérésìmesì.