Ẹ̀yáwó Tó Mọ Ìgbà Iṣẹ́

Àìríṣẹ́ṣe kọ́ ló ń fìyà jẹ ọ̀pọ̀ èèyàn ní Aràmọkọ, Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Obìnrin tó ń yan gàrí ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Àgbẹ̀ oníkòkó ti wọ oko kí oòrùn tó yọ. Owó tí wọn ó fi ra ẹ̀gẹ́ tàbí oògùn kòkó ni kì í sí lọ́wọ́ nígbà tí iṣẹ́ ń béèrè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ̀yáwó kékeré tàn ká gbogbo ìwọ̀-oòrùn Èkìtì. Àmọ́ ìgbà tí wọ́n bá ń gba owó náà padà ni yóò sọ bóyá ó gbé èèyàn dìde tàbí ó tún tẹ̀ ẹ́ rì.

Owó yíyá kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà ìwọ̀fà, ẹni tó jẹ gbèsè, tàbí ọmọ rẹ̀, ni yóò máa ṣiṣẹ́ fún olówó. Iṣẹ́ náà ni èlé; gbèsè fúnra rẹ̀ kò dín títí wọn ó fi rí owó san. Samuel Johnson ṣàlàyé èyí nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Lẹ́yìn náà ni àwọn Òṣómàáló láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tó múlé gbè wá ń kiri aṣọ, tí wọ́n ń tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn kì í sì dìde láìgbowó.

Èésú ni kò ní ìdójútì nínú. Àwọn tó mọra wọn ń dá iye kan náà, ẹnì kan a kó o lónìí, ẹlòmíì a kó o lóṣù tó ń bọ̀. Kò sí èlé, kò sí fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n owó èésú kò lè ju ohun tó wà lápò àwọn tó ń dá a lọ, bí kòkó gbogbo wọn bá sì bàjẹ́ lọ́dún kan náà, èésú yóò dákẹ́. Ibẹ̀ la ti nílò owó láti ìta.

Irú owó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun: ní 1976, Muhammad Yunus, olùkọ́ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, yá èèyàn 42 ní abúlé Jobra, ní Bangladesh, ní owó tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ dọ́là 27. Èyí ló di báńkì Grameen ní 1983. Nàìjíríà dá báńkì àdúgbò sílẹ̀ ní 1990; ìlànà ọdún 2005 sì sọ wọ́n di báńkì ẹ̀yáwó kékeré (microfinance). Ọ̀pọ̀ kò dúró: Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ 224 padà lọ́wọ́ wọn ní 2010, ó tún gba 132 padà ní 2023. Ìwádìí mẹ́fà tó jáde pọ̀ ní 2015, láti Mòrókò dé Íńdíà, fi hàn pé irú owó yìí ń ran òwò àwọn kan lọ́wọ́, àmọ́ kì í sábà yọ ìdílé kúrò nínú òṣì.

Mo rò pé mo rí ọ̀kan nínú ohun tó fà á. Ẹ̀yáwó kékeré tí ará ọjà ń pè ní gbọ́múlélántà, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbà á padà. Ó bá aláta àti oníṣòwò gàrí mu, nítorí ọjà wọn ń yí kíákíá. Ṣùgbọ́n iṣu tí a gbìn nígbà òjò àkọ́rọ̀ ń fẹ́ oṣù mélòó kan kí ó tó ta. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì sún mọ́lé kí kòkó tó pọ̀ lọ́jà. Mo mọ obìnrin kan ní Ẹ̀fọ̀n tó yá owó fi gbin iṣu. Kí iṣu rẹ̀ tó ta, ó ti ta aṣọ òkè rẹ̀, ó sì ti yá owó níbòmíràn láti san ti àkọ́kọ́. Iṣu náà ta dáadáa, àmọ́ èrè ti tán nílẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbàafà. Òdodo ni. Olówó tó ń béèrè ẹgbàafà kí èso tó gbó náà ń bẹ́gi dínà.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní Maradi, ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, láti 1991, àjọ aṣèrànwọ́ CARE ran àwọn obìnrin lọ́wọ́ láti máa tọ́jú owó pa pọ̀, kí wọ́n máa yá ara wọn, kí wọ́n sì pín èrè nígbà tí ọdún bá yí. Àwọn eléèésú wa mọ ìdajì iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀. Kí báńkì bá wọn ṣe ìyókù: kí ó fi owó tí ẹgbẹ́ ti tọ́jú ṣe ìdógò, kí ó yá àgbẹ̀ lówó nígbà òjò àkọ́rọ̀, kí ó sì gbà á lẹ́yìn ìkórè. Kí òṣìṣẹ́ báńkì tó kọ ọjọ́ ìsanwó sínú ìwé, kí ó kọ́kọ́ bi àgbẹ̀ pé: ìgbà wo ni oko rẹ ń mówó wá? Ìdáhùn àgbẹ̀ ni kó kọ síbẹ̀.